Oògùn Àìfọhùn Bàbá Motọ́láyọ̀

Ẹ ò rí nǹkan! Michael Fámúrewá, tíṣà àgbà tó fẹ̀yìn tì ní Ìgbàrà-Odò, tí ọmọ ilé ìwé ń gbúròó rẹ̀ tí wọ́n ń gbọ̀n, ìgbẹ́ gbuuru ló wá ń lé e kiri. Láti ìgbà tó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ni inú rẹ̀ kò ti gbélé mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí. Bí inú bá ti kùn, ó di bó ò lọ o yà fún mi.

Ìgbéyàwó Motọ́láyọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sì ti ń kanlẹ̀kùn.

"Kí Ọládélé àbúrò mi mú ọ wọlé," bàbá sọ fún un lórí fóònù. "Mi ò ní dójú tì ọ́ níwájú àwọn àna."

Motọ́láyọ̀ bú sẹ́kún. "Dádì, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, èmi nìkan ni màá wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó ní òun ò ní lo oògùn kankan mọ́. Christiana ìyàwó rẹ̀ ní irọ́ ni, ó fà á lọ sí ọsibítù ní Ìkẹ́rẹ́.

Ẹjọ́ tara rẹ̀ ni Christiana kọ́kọ́ rò fún Nọ́ọ̀sì Afọláyan níbẹ̀. "Látìgbà tí wọ́n ti ń lo oògùn yìí, bí mo bá kí wọn láàárọ̀, wọn kì í dá mi lóhùn. Kí ni mo ṣe?"

Ojú ti bàbá. "Ṣé èèyàn ń fọhùn kó tó lo oògùn ni? Bí bàbá mi ṣe ń mu àgbo nìyẹn: láìfọhùn, láìjẹun."

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Háà, Bàbá! Inú òfìfo? Àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà nínú ìfun wa tí wọ́n ń bá wa mú kí oúnjẹ dà. Oògùn yìí lè da agbo wọn rú, kí ìgbẹ́ gbuuru sì dé; ó gba sùúrù kó tó mọ́ ara lára. Ẹ máa jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó."

Dókítà dín oògùn náà kù, ó ní díẹ̀díẹ̀ làwọn yóò fi gbé e sókè. Ẹ̀rù ṣì ń ba bàbá, àmọ́ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, inú ń rọlẹ̀. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó bọ́ sí àárín ṣọ́ọ̀ṣì.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, Christiana kí i, kò dáhùn. Ìyàwó rò pé ó tún fẹ́ lo oògùn nínú òfìfo. Ó sáré yọjú sí pálọ̀: mọ́ínmọ́ín ló kún ẹnu ọkọ rẹ̀! Bàbá gbé e mì, ó fi omi lé oògùn rẹ̀ wọ ọ̀fun, ó wá ní, "Ìyá Motọ́, ṣé o jí ire? Ọmọ mi dà?"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọládélé jókòó jẹ́ẹ́ láàárín èrò. Bàbá ló fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé títí dé iwájú pẹpẹ, kò sì bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn.