Òkúta Tí Loreto Gbàgbé

Bí yìnyín bá ti ń yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè lóṣù Kẹta, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni ejò máa ń jáde wá yá oòrùn lórí òkúta, tí òtútù ò tíì jẹ́ kí wọ́n lè sáré. Ìgbà yẹn náà ni Loreto máa ń mú ọ̀pá rẹ̀, tí á jáde nílé láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ọkùnrin kúkurú tí kì í wẹjọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ejò wá tó o lábúlé wa, bóyá ní gbogbo òkè Abruzzo nílẹ̀ Ítálì. A kì í wá ejò láti pa á o. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún la máa ń gbé ère ẹni mímọ́ wa jáde, a ó wá fi ejò tí kò lóró kọ́ ọ lọ́rùn. Tí àjọ̀dún bá parí, ẹni tó mú ejò gbọ́dọ̀ dá a padà sídìí òkúta tó ti mú un gan-an. Ẹni tó bá dà á síbòmíràn ti fọwọ́ ara rẹ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la bá a.

Kálukú ló ní ibi tirẹ̀, a kì í sì í fi han ìyàwó, ká má tíì sọ ọ̀rẹ́. Èmi àti Loreto ò tiẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Bó bá rí mi nílé ọtí, á ní, "Berardì, wọ́n ní aláǹgbá lo mú lọ́dún yìí."

Èmi náà á ní, "Loré, ejò tìẹ ti darúgbó bíi tìẹ. Ṣé ọ̀pá lẹ jọ ń tì?"

Inú ló ń bí mi. Tirẹ̀ ló máa ń gùn jù lọ́dọọdún.

Lọ́dún tó pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó mú èyí tó gùn ju èèyàn lọ. Mo gbọ́ bó ṣe ń kí i: "O kú oorun o! Ṣé òtútù ò pa ẹ́?" Lọ́jọ́ kejì àjọ̀dún, mo bá a níbi tó jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà òkè. Àpò aṣọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ejò ń yí nínú rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mò ń sinmi."

"Látàárọ̀?"

Kò wojú mi. "Berardì, n ò rántí ibi tí mo ti mú un. Gbogbo òkúta ló jọra lójú mi. Tí Assunta ọmọ mi bá gbọ́, ó parí. Wọ́n á gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo mọ ibẹ̀. Ogójì ọdún ni mo ti ń sápamọ́ sínú igbó tẹ̀ lé e, kí n lè mú èyí tó bá ṣẹ́ kù. Olè là ń pe irú mi lábúlé wa. Wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ẹnu ara mi ni mo fi pe ọjọ́ olóhun wá.

"Dìde," mo ní. "Ìdí igi ńlá tí àrá sán lulẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún. Òkúta pẹlẹbẹ."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo wà lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ náà."

"Ọjọ́ yẹn nìkan?"

"Látọdún tó o gbéyàwó."

A gun òkè. Mò ń retí ọ̀pá lẹ́yìn orí mi. Nígbà tó tú àpò, tí ìrù ejò náà wọlé tán sábẹ́ òkúta, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

"Ogójì ọdún! Èmi rò pé èmi nìkan ni mò ń bẹ níbí. Jókòó, ọ̀lẹ." Ó bu búrẹ́dì àti wàrà àgùntàn fún mi. A jẹun níbẹ̀ títí oòrùn fi yí.

Oṣù Kẹta tó tẹ̀ lé e, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ kùtù. Loreto ni, ó ti wọ bàtà.

"Berardì, jáde síta kí n rí ẹ. Lọ́dún yìí, ìwọ ni kó o wà níwájú."

Ọdún mẹ́ta la fi lọ bẹ́ẹ̀, òun lẹ́yìn, ó ń bú mi pé mò ń tẹlẹ̀ bí ẹṣin. Ó ti kú báyìí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, pàápàá lórí òkè, nígbà tí mo bá dúró kó lè bá mi.