Ẹ̀gúsí Orí Ebè àti Fóònù Mi

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Èrúwà gba fóònù àtijọ́ mi lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ní Pólì. Lẹ́tà fóònù náà ti kéré jù fún ojú mi, ó sì ń rìn bí ìgbín.

Ó yọ ètò tí fóònù náà bá wá kúrò. Ó mú òmíràn tí àwọn kan ṣe, tí wọ́n yọ̀ǹda fún gbogbo ayé láti tún ṣe bó ṣe wù wọ́n, ó sì fi ọ̀pọ̀ oṣù tún un ṣe: lẹ́tà gbàǹgbà, àmì ohùn Yorùbá níbi tí a ti ń tẹ̀wé, àti ohùn tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi létí. Ọjọ́ tó gbé e fún mi, mo ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ìbejì mi fi ránṣẹ́ láìlo awò ojú.

Iṣẹ́ yẹn náà ló fi ṣe pùròjẹ́ẹ̀tì àṣekágbá rẹ̀, àmọ́ olùkọ́ rẹ̀ dá a padà. Ó ní iṣẹ́ náà kò kà. Ó ní kẹ́nẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn ìpìlẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó ń sọ fún bátìrì àti ojú fóònù ohun tí wọn yóò ṣe, ti tẹ́lẹ̀ ni. Ọmọ náà kò fọwọ́ kàn án. Bí wọn kò bá gba iṣẹ́ náà lọ́jọ́ àlàyé tí yóò ṣe níwájú àwọn olùkọ́, yóò tún ọdún náà kà.

"Màá kàn yí orúkọ kẹ́nẹ́ẹ̀lì náà padà," ó wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. "Wọ́n á rò pé mo ti tún un ṣe."

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́," mo ní. "Irọ́ ni."

Ẹ̀gúsí ni èmi àti ọmọ náà ń bó. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì.

"Ọ̀gá rẹ sọ òótọ́ jàre. Ẹni tí kò kọ ebè, kí ló fẹ́ pè ní oko?"

"Bàbá Ìbejì," mo ní, "ta ló ni ẹ̀gúsí tí à ń bó yìí?"

"Ìwọ ni."

"Orí ebè ta ni mo gbìn ín sí?"

"Ebè mi. Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí."

"Ṣé ẹ ti bá mi du ẹ̀gúsí rí?"

"Kí n má jẹun nílé yìí mọ́?"

"Ṣé èmi náà ti pe iṣu yín ní tèmi rí?"

"Rárá o. Jíjẹ ni o kàn ń jẹ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lóko wa: ọkọ a kọ ebè iṣu, ìyàwó a gbin ẹ̀gúsí sí i. Ti ìyàwó ni ẹ̀gúsí. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìyàwó tó ní òun ló kọ ebè.

Ọmọ náà bi mí pé: "Mọ́mì, ṣé kí n sọ fún wọn pé ebè kì í ṣe tèmi?"

"Kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Kó o wá sọ ìdí tí o kò fi tún un kọ."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: pé kẹ́nẹ́ẹ̀lì náà kì í ṣe iṣẹ́ òun, àti pé torí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni òun ṣe fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ àlàyé, olùkọ́ rẹ̀ bi í pé, bí ìpìlẹ̀ kò bá yí padà, kí ló yí padà? Ọmọ náà gbé fóònù mi fún un, pẹ̀lú irú rẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe. Ó ní olùkọ́ náà tẹ méjèèjì títí, ó ń na èyí tí wọn kò tún ṣe jìnnà sí ojú kó tó lè rí i kà, ṣùgbọ́n kò ní láti na tèmi.

"Ó kà," ló sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n yí àkọlé rẹ̀ padà. O kò ṣe fóònù tuntun. Ètò tuntun lo ṣe sórí ìpìlẹ̀ ẹlòmíràn."

Ó yí i padà, ó sì yege. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ mi gbé fóònù tirẹ̀ wá. "Ọmọ mi, bá mi fi èyí tí kò kà yẹn sí tèmi."

Orí fóònù mi yẹn ni mo ti ń tẹ èyí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ tí kò gba gbẹ̀rẹ́, àti lọ́wọ́ àwọn tí n kò mọ̀, tí wọ́n kọ ebè sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú èyí lò: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀gúsí yín lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì máa dárúkọ ẹni tó kọ ebè.