Ikú Tí Àbúrò Mi Kò Tà

Ìgbà igba ó lé mẹ́rìnlá ni àbúrò mi ti kú kí ó tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Búrẹ́dì ló ń kiri tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lè jí òpó ilé. Lọ́jọ́ kan ó polówó kọjá lábẹ́ fèrèsé ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà jáde. Ọ̀gá ibẹ̀ yọrí síta, ó ní ṣé ó lè ké bí ẹni tí wọ́n fi idà gún. Àbúrò mi gbé àtẹ búrẹ́dì kalẹ̀, ó ké. Obìnrin kan tó ń kọjá sá wọ ilé onílé. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbà á síṣẹ́.

Géèmù ogun ni, ogun Ṣáínà àtijọ́. Ẹni tó bá ń gbá a á máa fi idà àti ọ̀kọ̀ gé àwọn ọmọ ogun lulẹ̀ bí ẹni ń ṣán oko. Gbogbo àwọn tó ń ṣubú yẹn, ẹnu àbúrò mi ni igbe wọn ti ń wá. Obìnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á ní, "Ó yá, kú kí n gbọ́." Bí gbogbo wa ṣe sọ ọ́ ní Kúkíngbọ́ nìyẹn. Àwọn ìbejì rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ bí ìyá wọn ò bá sí nítòsí.

Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ó ní ẹni tí ọfà bà kì í ké bí ẹni tí ẹṣin tẹ̀ mọ́lẹ̀: ti ọfà máa ń yani lẹ́nu kó tó dunni. Inú ilé ìwẹ̀ ló ti máa ń dán ikú wò. Aládùúgbò tuntun kan ti já ilẹ̀kùn wọlé rí láti gbà á là, ó bá a pẹ̀lú ọṣẹ lójú.

Káfíńtà ni mí. Nígbà tí iṣẹ́ apá kejì géèmù náà bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo kan yàrá ìgbohùn tuntun fún wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ṣe é: pákó ìpele méjì, fóòmù láàárín wọn, gíláàsì níwájú, tìmùtìmù nílẹ̀, nítorí Kúkíngbọ́ kì í kú lórí ìdúró. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí iná pupa bá ti tàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi nawọ́ sókè. Ilẹ̀kùn tó bá dún ti ba ikú jẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni. Èmi gan-an gbè é lẹ́yìn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, mò ń kan pẹpẹ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wọn. Ó ti kú lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún láti àárọ̀. Ọmọ ogun tó jábọ́ látorí odi ìlú ló kàn. Iná pupa tàn. Kò ké. Ohùn kékeré kan ló jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ti ẹni tó fẹ́ bèèrè nǹkan tó sì gbàgbé rẹ̀. Ó fọwọ́ ra gíláàsì, ó yọ̀ wálẹ̀, ó fi èjìká òsì lélẹ̀.

Obìnrin agbohùnsílẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu, ó dùn mọ́ ọn. Ọ̀gá na àtàǹpàkò sókè sí mi. Èmi ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ò rí wèrè yìí. Ẹ fi kún owó rẹ̀ o." A dúró, à ń retí kó nawọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló wọlé pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ ọ̀sán. Ó wo inú gíláàsì, kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ó ní, "Bàbá ìbejì kì í fi èjìká òsì ṣubú. Èjìká yẹn ti kán rí." Ó ti kọjú sílẹ̀kùn kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá nawọ́ láti dá a dúró. Ọwọ́ tèmi náà ti nà, nítorí òfin. Ó là wá kọjá bí ẹni la koríko kọjá.

Ètè ọkọ rẹ̀ ti dúdú. Èmi tí mo ti ń gbé pákó fún ogójì ọdún, mi ò lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Obìnrin agbohùnsílẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i, pósí ni ǹ bá máa kàn. Mo lọ wo iye àkókò tí a fi dúró lójú ẹ̀rọ: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gá wá bá a lórí ibùsùn pẹ̀lú ìwé àti kọ̀ǹpútà kékeré. Ó yí ọ̀rọ̀ po títí kó tó sọ ọ́: ohùn ọjọ́ náà ló dára jù nínú gbogbo géèmù, òun fẹ́ fi sẹ́nu ọ̀gágun àgbà tó kú kẹ́yìn. Òun á san owó iṣẹ́ ọdún kan lé e. Ẹ̀rù ara mi bà mí, nítorí mo ti ṣírò owó ilé ìwòsàn àti ti ilé ìwé ìbejì tán kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó kọjú sí fèrèsé.

Àbúrò mi ní kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́. Ohùn kékeré yẹn jáde, ìró ìṣubú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀rín mi. Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá ti gbàgbé ọwọ́ kejì lórí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń bá ẹni inú yàrá sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí mo wí ló ń bá a nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ sì gbà á sílẹ̀. "Ẹ ò rí wèrè yìí." Ohùn mi mọ́ gaara.

Mi ò lè gbójú sókè.

Àbúrò mi ní, "Mo gbọ́ yín lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n. Mo ní bí ẹ bá lè máa rẹ́rìn-ín, a jẹ́ pé kò le." Ó wá yíjú sí ọ̀gá. "Ikú tó lé ní igba ni mo ti tà fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan yìí jẹ́ tèmi."

Ọ̀gá ń wojú mi, bóyá àgbà á bá òun dá sí i. Mo gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó fi ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́ hàn mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ̀ ẹ́ kó tó lọ.

Géèmù náà ti jáde báyìí. Wọn ò fi ohùn mìíràn rọ́pò èyí tí mo pa rẹ́: ọ̀gágun àgbà ń ṣubú láìdún. Àwọn tó rà á rò pé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́, wọ́n ń fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́.