Dókítà Tó Ń Fi Èékánná Kan Fèrèsé

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ èékánná lára gíláàsì, àyà mi á já. Dókítà eegun kan n'Ìkẹjà ló fi í sí mi lára, nígbà táwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba fún alágbádá. Bí dókítà náà bá gbé fọ́tò eegun sójú fèrèsé, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn máa kan gíláàsì: kó, kó, kó.

Àpótí ọjà ló já lu itan ọmọ mi níléeṣẹ́ wọn n'Ìlúpéjú. Ibẹ̀ wú, ó le bí òkúta. Ọsibítù àkọ́kọ́ ní jẹjẹrẹ eegun ni, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà.

La bá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà Ìkẹjà yẹn. Wọ́n fi èékánná kan fèrèsé títí, ìyàwó mi bú sẹ́kún.

"Màmá, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ná kẹ́ ẹ tó sunkún." Bí wọ́n ṣe ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. "Ta ló ń wọ́ ibẹ̀?"

"Èmi ni, sà. Omi gbígbóná àti òrí, láràárọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Ẹ kú iṣẹ́! Ẹran tó fara pa tẹ́ ẹ ń tẹ̀, òun ló jọ pé ó ń di eegun. Nínú fọ́tò, àárín ni jẹjẹrẹ ti sábà máa ń funfun. Etí lèyí ti funfun, bí èèpo ẹyin. Àmọ́ mi ò tíì búra. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Lóṣù yẹn, ìyàwó mi ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Nígbà tá a padà, wọ́n gbé fọ́tò tuntun sójú fèrèsé. Mo dijú, mò ń retí kó, kó. N ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí mo lajú, wọ́n ti ń na fọ́tò náà sí ọmọ mi.

"Gbà, mú un dání. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ni wàá máa fi rìn."