Iyọ̀ Tí Mo Dà Sínú Garawa Àbúrò Mi

Télọ̀ ni àbúrò mi. Ọdún méjìdínlógójì ni ó fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun mẹ́ta ni mo mọ̀ mọ́ ọn: kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kì í gbé ohùn sókè, kì í sì í di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta yìí ni ó ń tì mí lójú títí di òní.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, àpótí gíláàsì tí obìnrin náà fi ń sin ẹja òkun ni ó gbà tọ́jú. Iyùn wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí a ń sín sọ́rùn o, èyí tí ó ṣì wà láàyè ni, tí ń là bí òdòdó. Àbúrò mi so ohun kékeré kan tí ń léfòó mọ́ etí àpótí náà. Bí omi bá fà, ohun náà á lọ sílẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù á sì fa omi láti inú garawa wá dí i. Pọ́ọ̀ǹpù kejì ń kán oògùn sí i, ẹ̀kán mẹ́wàá ní wákàtí kan, kí egungun iyùn lè le.

Ó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, bí garawa bá fẹ́ tán, omi lásán ni kí ẹ dà sí i.”

“Ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń pọnmi?”

“Ẹ má bínú, tísà àgbà.”

Ní ọjọ́ kẹta, garawa gbẹ. Mo rò ó pé omi òkun ni ó dín, omi òkun náà ni ó yẹ kí a fi dí i. Mo bu iyọ̀ tí ó fi ń po omi òkun nínú ike rẹ̀, mo pò ó mọ́ omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé.

Nígbà tí ó dé, iyùn ti funfun bí eegun, ẹja pupa tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn jù sì ti léfòó, ikùn sókè.

“Ẹ̀rọ rẹ ló fà á,” ni mo kọ́kọ́ sọ. “Abẹ́rẹ́ àti òwú ni kí o mọ̀.”

“Omi lásán ni ẹ dà sí i, àbí?”

“Kí ni mo tún fẹ́ dà sí i?”

Ó kúnlẹ̀, ó ń tú pọ́ọ̀ǹpù oògùn. “A jẹ́ pé èmi ni mo wọ̀n ọ́n jù. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n. N kò mọ nǹkan wọ̀n mọ́.”

Ibẹ̀ ni mo rí iyọ̀ funfun tí ó gan mọ́ etí àpótí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé àwo omi iyọ̀ sínú oòrùn níwájú àwọn ọmọ kíláàsì: omi á lọ, iyọ̀ á kù.

“Fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀,” ni mo wí. “Ọwọ́ rẹ kò ṣe nǹkan kan. Iyọ̀ ni mo dà sínú garawa.”

Ó gbé pọ́ọ̀ǹpù náà sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí mo wà ní kíláàsì yín, ẹgba mẹ́fà ni ẹ nà mí lórí ẹ̀kọ́ yìí.”

“Mo rántí.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi kò lè rín in. Ó gbé garawa lé mi lọ́wọ́, a sì ń bu omi iyọ̀ jáde, a ń fi omi lásán rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iyùn kan ṣoṣo ni ó padà là, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Àbúrò mi fi ṣọ́ọ̀kì tí ó fi ń sàmì aṣọ kọ OMI LÁSÁN sára garawa. Bí mo bá lọ kí i, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí garawa náà jókòó.