Ludmila àti Oko Ọ̀pọ̀lọ́

Lọ́dún tí wọ́n sọ Ludmila Hruska ní Ọlọ́wọ́-Ọ̀rá, gbogbo àdúgbò ló fi í rẹ́rìn-ín, kódà àlùfáà rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Nígbà ìwọ́wé, tí a bá ti wú ọ̀dùnkún tán, àwọn àgbẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ní àríwá Wisconsin a máa gbẹ́ kòtò kan sínú oko ẹnì kan. Kòtò náà á jìn tó ìdúró èèyàn. Olúkúlùkù á sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, á fọwọ́ pa erùpẹ̀, á wo àwọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á wá jáde wá sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá sọ ọ́ re, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù, yẹ̀yẹ́ ni yóò máa jẹ títí ọdún á fi yí po.

Ludmila ní tirẹ̀, láti ilé màlúù ló ti lọ síbẹ̀ tààrà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wàrà tán ni, ìpara tí à ń fi pa ọmú màlúù kó má baà sán ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bámúbámú. Ó fi ọwọ́ ọ̀rá pa erùpẹ̀, erùpẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́ láàárín ìka rẹ̀, ló bá ní amọ̀ ni. Amọ̀ kọ́ rárá. Lẹ́búlẹ́bú ni, erùpẹ̀ tó kúnná bí ìyẹ̀fun, èyí tó bo gbogbo pápá wa tí ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀. Emil, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló sọ ọ́ lórúkọ náà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára bí awọ.

Ó dùn ún gan-an, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ ọ̀dọ̀ wa tó o. Ọmọ ilẹ̀ olókùúta ni Ludmila. Lóko bàbá rẹ̀, lọ́hùn-ún ní ìlà oòrùn, yìnyín ayé àtijọ́ ló da òkúta sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo fún adìyẹ. Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ á tún pọ òkúta tuntun jáde, gbogbo ọmọ ilé á sì tò tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ẹrù láti ṣà á. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ríro ti bá a bọ̀. Nígbà tí Jarda Hruska gbé e níyàwó wá sọ́dọ̀ wa, ó mú un lọ wo oko ẹ̀yìn tó kángun sí irà. Ludmila kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ilẹ̀, ó fi wá a síhìn-ín, ó fi wá a sọ́hùn-ún, ló bá bú sẹ́kún.

Jarda rò pé àárò ilé ló ń sọ ọ́. Ó ní, "Kí ló dé? Ta ló ṣe ọ́?"

"Kò sí òkúta," ni Ludmila wí. "Jarda, kò sí òkúta!"

Lóòótọ́, òkúta wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló wà. Nígbà láéláé, yìnyín tó ga ju òkè lọ bo apá ibí yìí. Bó ṣe ń yọ́, omi rẹ̀ wọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ wá, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ gbé eruku kíkúnná wá bò wọ́n mọ́lẹ̀, tó nípọn tó ìbàdí èèyàn. Eruku yẹn là ń jẹ, tí à ń mu, tí a fi ń rán ọmọ nílé ìwé.

Ní ọdún kan, Jarda àti ìyàwó rẹ̀ gbin ọ̀dùnkún sí oko ẹ̀yìn náà. Kí ọ̀dùnkún tó gbó, igi wó lu Jarda nínú igbó, ó sì kú. Ta ni yóò wá rántí ọ̀dùnkún? Òtútù pa á mọ́ inú ilẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ bí ì bá ti ta tó. Ludmila dúró sílé ọkọ, ó ń fún wàrà, ó ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa jẹ́ kí òun padà sí oko náà.

Emil kò rí nǹkan kan nínú oko náà ní tirẹ̀. Ó ti gbé katakata wọ ibẹ̀ rí, katakata rì dé ìdí, gbogbo wa la jáde lọ bá a fà á. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Oko Ọ̀pọ̀lọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n jókòó ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti kábéèjì kíkan nílé bàbá wọn, Václav Hruska, ẹni tí gbogbo ilẹ̀ náà ṣì wà lórúkọ rẹ̀. Emil nu ẹnu, ó ní:

"Bàbá, àwọn tó ń wa òkúta wẹ́wẹ́ fún títì ti dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n fẹ́ ra Oko Ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ jẹ́ ká tà á fún wọn ká sinmi."

Ludmila fi ṣíbí sílẹ̀. "Oko tó dára yẹn lo fẹ́ tà?"

"Oko olómi ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ló sọ fún mi. Òun ni onílé, ṣé kò wá ní mọ̀ ni?"

"Èmi àti Jarda gbin ọ̀dùnkún síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣé ẹ wú u?"

Èèyàn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún opó àbúrò ẹni, Emil pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó tẹ orí rẹ̀ mọ́ àwo. Ludmila kò sunkún. Ó kọjú sí bàbá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún mi ní oko náà kí n ro ó. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ón mọ́."

Àgbàlagbà tí kì í kánjú ni Václav, ọ̀rọ̀ tó bá sì ti sọ jáde lẹ́nu kì í kó o padà. Ó ní, "Lindgren tó ń wo ilẹ̀ fún ìjọba ń wá ibi tí yóò gbẹ́ kòtò ọdún yìí sí. Kó gbẹ́ ẹ sí oko yẹn. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, kí kálukú fi ohun tó rí hàn mí. Bó bá jẹ́ Poskin, kí àwọn olókùúta máa kó o lọ. Bó bá jẹ́ Antigo, mi ò tà á, Ludmila ló ni ín."

Orúkọ ìlú ni Poskin àti Antigo, àwọn tó ń wo ilẹ̀ fún ìjọba ló fi wọ́n sọ ilẹ̀ lórúkọ. Lójú lásán, wọ́n jọra bí ìbejì, lẹ́búlẹ́bú ló bo àwọn méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ti omi. Omi a máa dúró sí Poskin nínú, ọ̀dùnkún a sì máa jẹrà níbẹ̀. Antigo kì í gba omi lálejò.

Emil bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, Ọlọ́wọ́-Ọ̀rá ló máa fi ilẹ̀ hàn yín?"

"Mo ti sọ ọ́," ni bàbá wí, ó sì ní kí wọ́n bu kábéèjì sí i fún òun.

Nígbà tí ọjọ́ kòtò pé, gbogbo àdúgbò ló jáde. Àwọn obìnrin gbé kọfí àti kolache, búrẹ́dì kékeré aládùn, wá. Ọ̀gá olókùúta náà wá, ó wọ bàtà dídán tí kò bá oko mu, ó sì dúró ti Emil bí ẹni tó ti rajà tán. Lindgren tó ń wo ilẹ̀ fún ìjọba fara ti ṣọ́bìrì rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Òfin kòtò ni pé kò gbọdọ̀ lanu títí gbogbo èèyàn á fi sọ tiwọn.

Àwọn ará àdúgbò sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gòkè. Ohun tí gbogbo wọn rí ò ju ìkan náà lọ: lábẹ́ ibi tí katakata máa ń tú, ìpele kan wà tó funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí eérú. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àwùjọ ṣe rí, ẹni àkọ́kọ́ ní Poskin, ẹni tó tẹ̀lé e ní Poskin, ẹni tí kò dá lójú náà ní Poskin. Emil sọ̀kalẹ̀ tirẹ̀, ó fi ìka tọ́ ìpele eérú náà.

"Bàbá, ẹ wò ó. Omi ló sọ ọ́ di báyìí. Ilẹ̀ tí ara rẹ̀ yá kì í funfun bí òkú. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ. Ohun kan ṣoṣo tó wúlò níbí nìyẹn."

Václav mi orí bí ẹni tó gbà. Ọ̀gá olókùúta bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ti ń múra àtibọ bàbá lọ́wọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìbọwọ́ ju ìwé lọ, bí ọwọ́ bá ti pàdé, ọjà ti tà nìyẹn. Ludmila bọ́ sáàárín wọn. Ó ní:

"Èmi ò tíì sọ̀kalẹ̀ o. Ẹ bá mi bu omi wá, kí ẹ mú ọṣẹ bọ̀."

Wọ́n gbé garawa omi fún un. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ọṣẹ líle fọ ọwọ́ láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, ó ha èékánná, ó tún un fọ̀. Ara àwọn èèyàn ò lélẹ̀ mọ́.

Emil ní, "Ọlọ́wọ́-Ọ̀rá, ṣé màlúù fẹ́ bímọ nínú kòtò ni?"

Ẹ̀rín bú wàà. Ludmila nu ọwọ́ rẹ̀. "Bó bá bímọ, ìwọ ni wàá pọ̀n ọ́n," ni ó wí, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó bu erùpẹ̀ díẹ̀, ó fi omi rin ín, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìka rẹ̀. Kò yára. Ó ní, "Lẹ́búlẹ́bú ni. Ó kúnná, kò lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, bí mo bá nà án, ó ń já. Amọ̀ á gùn bí rìbọ́ọ̀nù ni. Bàbá, ṣé ọ̀rá wà lọ́wọ́ mi lónìí?"

"Máa bá a lọ," ni Václav wí.

Ó dé ìpele eérú. "Èyí ni Emil pè ní omi. Ó dáa. Níbi tí omi bá ti ń dúró, ilẹ̀ ibẹ̀ a máa dípẹtà bí ìṣó àtijọ́, àmì pupa àti àmì eérú á fọ́n ká ojú rẹ̀. Ẹ bá mi wá ìpẹtà kan níbí. Ẹyọ kan péré!" Ó fi ọ̀bẹ ha ojú kòtò náà látòkè délẹ̀. Àwọn èèyàn na ọrùn. Kò sí. "Òjò ló fọ̀ ọ́ mọ́. Òjò ń kọjá lára rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó ń fọ àwọ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹ wo ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe pọ́n! Ibẹ̀ ló kó àwọ̀ lọ."

"Ìgbà tí katakata mi rì ńkọ́?" ni Emil pariwo. "Ṣé òjò ló fọ ìyẹn náà?"

"Oṣù wo lo gbé e wọlé?"

Aládùúgbò kan ló bá Emil dáhùn látẹ̀yìn pé oṣù kẹrin ni, yìnyín ò tíì tán lórí òrùlé.

"Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ṣì dì gbagidi nígbà yẹn," ni Ludmila wí. "Ibo lo fẹ́ kí omi gbà? Ilẹ̀ ò ṣẹ̀ ọ́, Emil, ìkánjú rẹ ló rì ọ́. Wá gbé omi tí mo fi fọwọ́ yẹn fún mi."

Emil rò pé ó fẹ́ tún ọwọ́ fọ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé garawa náà sọ̀kalẹ̀ fún un. Ludmila gbà á, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kòtò lẹ́ẹ̀kan náà, sórí òkúta wẹ́wẹ́. Omi náà ró ṣọ̀ọ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti wọlẹ̀. Ìfófòó ọṣẹ nìkan ló kù lórí òkúta, tó ń fọ́ tẹ̀tẹ̀tẹ̀.

"Ọ̀pọ̀lọ́ dà?" ni Ludmila bi wọ́n. "Emil, òkúta tí o fẹ́ tà yìí ló ń mu omi oko yìí, òun ló jẹ́ kí òkè rẹ̀ gbẹ. Kó o kúrò, ìgbà náà ni wàá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀pọ̀lọ́! Bàbá, Antigo ni. Antigo ni mo pè é, bí gbogbo yín bá tilẹ̀ pè é ní Poskin."

Gbogbo ojú yí sí Lindgren. Ó yọ fìlà, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè pa á mọ́ra. "Antigo ni," ni ó wí. "Èyí tó dára jù tí mo tíì rí nínú wọn nìyí. Mo ti ń gé ètè jẹ látàárọ̀."

Ariwo sọ. Àwọn tó pe Poskin ló pàtẹ́wọ́ jù. Ọ̀gá olókùúta wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà. Václav rọra bọ́ sí etí kòtò, ó na ọwọ́ sí Ludmila, ó fà á gòkè, kò sì fi í sílẹ̀ nígbà tó gòkè tán. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bó ṣe máa ń bọ ọkùnrin lọ́wọ́ lọ́jà màlúù, ó mì ín jìgìjìgì lójú gbogbo wa.

"Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun," ni ó wí. "Tìrẹ ni, ọmọ mi. Mo ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Nígbà náà ni Ludmila tó sunkún, ó sì sun ún dáadáa.

Nígbà ìrúwé, ó dúró títí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ fi yọ́ pátápátá kó tó gbin ọ̀dùnkún. Nígbà ìwọ́wé tó tẹ̀lé e, ọ̀dùnkún ta débi pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìkan ò lè kó o, Emil ló gbé tirẹ̀ wá kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Wọ́n jọ ń kó o látàárọ̀. Emil ti ń pe Ludmila ní orúkọ rẹ̀ gan-an báyìí, gbogbo wa la ń pè é bẹ́ẹ̀. Oko náà nìkan ló ṣì ń jẹ́ Oko Ọ̀pọ̀lọ́, Ludmila ló ní ká má yí i padà.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Emil gbé apẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn sórí kẹ̀kẹ́. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀ òfìfo náà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ludmila," ni ó wí, "ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí oúnjẹ lọ́jọ́sí..."

Ludmila gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó wo òpin oko, níbi tí òun àti Jarda ti bẹ̀rẹ̀ poro àkọ́kọ́ ní ọdún tí Jarda kú.

"A wú u, Emil," ni ó wí. "A ti wú u."