Kílò Àbúrò Mi

Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ èmi ti ń lo oògùn yẹn láti kékeré. Bí ẹni tí n kò mọ̀ bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, ọwọ́ mi ti máa ń wà lórí báàgì mi. Ní póòlì tí mo ti ń kọ́ni ní Ìlaròó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń sọ pé bí mo bá ń ṣọ́ ìdánwò, eṣinṣin gan-an gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó bà. N kò bá wọn jiyàn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí kóòṣì tó ń kọ́ àbúrò mi ọkùnrin ní ìjàkadì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní pápá, tó ní òun fẹ́ kó sanra sí i, mo ti fura kó tó parí ọ̀rọ̀. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ọmọ náà ti fi ilé ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sílẹ̀, ìjàkadì nìkan ló kù tó dì mú. Ìdíje kan ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti máa mú àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá mú un, ó di èèyàn nìyẹn. Bí wọn kò bá mú un, n kò mọ ohun tá à bá tún ní kó lọ ṣe.

Kílò ni wọ́n fi ń pín àwọn oníjàkadì. Àbúrò mi ti wúwo ju àwọn tí kò gbọdọ̀ kọjá mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n kò tíì kún tó àwọn géńdé tó tẹ̀ lé wọn, tí ààlà tiwọn jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Bó bá wọ àárín wọn bó ṣe rí nígbà yẹn, wọ́n á kàn gbé e sọ nù ni.

"Màdáàmù," kóòṣì wí, "ẹ má gbọ́ tàwọn tó ń sọ pé ẹni tó bá tóbi jù ló ń borí. Ikùn kì í jà. Ẹni tó kún dé etí ààlà, tí kò kọjá rẹ̀, tí èémí rẹ̀ sì tó o lò, òun là ń wá. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló máa bá a mu."

Ará òdìkejì bọ́dà ni kóòṣì, ara àwọn Kétu tó ń sọ Faransé. Bí inú bá ń bí i, "Alé! Alé!" ló máa ń pariwo, pé kí wọ́n ṣe kíá. Ó wá gbé agolo ìyẹ̀fun kan tí wọ́n kọ Faransé sí lára lé mi lọ́wọ́, pé kí àbúrò mi máa pò ó mu. Ta ló máa rí irú èyí tí kò ní fura? Mo ń bù ú fún àkùkọ ìyá mi lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àkùkọ ò kú. Ṣe ló tún ń kọ sí i, tí kò jẹ́ ká sùn.

Àwa olùkọ́ wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì lásìkò náà, ni mo bá wá jókòó sílé wa ní Ayétòrò láti máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí fúnra mi. Ìyá wa máa ń ra kòkó àti kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń ti ọ̀nà Ìwòyè-Kétu wá. Iwájú ilé ni ìwọ̀n wọn wà, ìwọ̀n onírin ńlá tí wọ́n ń gbé àpò lé. Ìwọ̀n tó wà níbi tí àbúrò mi ti ń ṣe ìdárayá ti bàjẹ́. Nítorí náà, láràárọ̀ Sátidé, kí àwọn àgbẹ̀ tó dé, àbúrò mi á bọ́ bàtà, á gun ti Màmá, èmi á ka kílò, màá fi ránṣẹ́ sí kóòṣì lórí fóònù. Èmi ni mo ń kà á, nítorí n kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, láfún tí Màmá ń gbé kalẹ̀ fún un kì í ṣe kékeré. Àmọ́ nígbà tó yá, mo rí i pé òkèlè ń dín kù. Ẹran di ẹyọ kan. "Ikùn ẹ ti tó," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì gbé ìkòkò kúrò. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ń sọ pé ó ṣì kù. Ìyá tí kì í jẹ́ kí àlejò kúrò nílé láì jẹun, òun ló wá ń ṣahun sọ́mọ ara rẹ̀! Mo rò ó pé wọn kò fẹ́ kí ọmọ ìkẹyìn wọn filé sílẹ̀ ni. Ẹ̀yìn wọn ni mo ti ń ra búrẹ́dì àti ẹyin fún un.

Kóòṣì wá wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní kó sáré yí pápá ká. "Kí ló dé tó ń mí gùlegùle báyìí? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo." Mo wojú kóòṣì dáadáa. Ó dá mi lójú pé ó ti ní ẹlòmíì tó fẹ́ gbé sí ipò náà, àwáwí ló ń wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a lọ sí Abẹ́òkúta, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún géérégé ni ìwọ̀n Màmá kà. Nígbà tí a dé ọ̀hún, àbúrò mi gun ìwọ̀n àwọn tó ṣètò ìdíje. Ọgọ́rùn-ún kílò, ó lé mẹ́fà.

Mo pariwo. Mo ní wọ́n ti fọwọ́ yí i, pé mo mọ̀ wọ́n, pé ọmọ ọ̀gá kan ni wọ́n fẹ́ gbà wọlé. Ọ̀kan nínú wọn kò bá mi jà. Ó gbé irin ogún kílò tí wọ́n fi ń ṣe ìdárayá lé ìwọ̀n náà. Ogún ló kà. Wọ́n ní kí àbúrò mi máa lọ. Ó wọ bàtà rẹ̀ láì so okùn rẹ̀.

"Ìwọ̀n ta lẹ fi ń wọ̀n ọ́n?" kóòṣì bi mí.

"Ti ìyá wa. Èyí tí wọ́n fi ń ra kòkó."

"Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi," ni kóòṣì wí. Ó sì fa irin ogún kílò kan yọ látinú ẹrù tirẹ̀, ó fi sínú mọ́tò wa. Títí a fi délé ni mo ń bú u nínú ọkàn mi. Ìyá ìjọ ni ìyá mi, wọn kì í rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Irú ẹnu wo nìyẹn?

Nígbà tí a dé, àgbẹ̀ kan láti Ìwòyè-Kétu jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpò kòkó rẹ̀ kan. Mo kọjá lára rẹ̀, mo gbé irin náà lé ìwọ̀n. Méjìdínlógún.

Màmá kò wo ìwọ̀n. Àbúrò mi ni wọ́n ń wò. "Mo dín oúnjẹ ẹ̀ kù," ni wọ́n wí. "Ojoojúmọ́ ni mo ń dín in kù."

"Ẹ ò bá ti fẹnu sọ fún mi, Màmá," ni mo wí.

"Kí n ní kí ni?" Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìwọ tó ń fura sí gbogbo ayé, kí lo rò pé mo fi rán ẹ níwèé?"

Mo gbé irin náà kúrò lórí ìwọ̀n.

"Ṣé kò sí o, Màmá?" àgbẹ̀ náà béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò mi ló dá a lóhùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì." Ó gbé àpò kòkó náà lé èjìká, ó ń mí gùlegùle, ó bọ́ sójú ọ̀nà, bàbá náà sì ń tẹ̀ lé e. Èmi dúró ti ìyá mi.